Títóbi Ọkọ̀ Kọ́ Ni Ọlá Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń tu owó jọ láti gbé bàbá tàbí ìyá yín lọ sórí òkun nígbà tí wọ́n bá pé àádọ́rin ọdún, ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ìgbafẹ́ ṣe àjọ̀dún ìgbéyàwó yín, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí. Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàrin wa, ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, pé ọkọ̀ tó bá tóbi jù ni ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá. Àwọn èèyàn á wo fídíò ọkọ̀ alájà ogún lórí fóònù, wọ́n á ní ibẹ̀ ni olówó ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbàgbọ́ yìí sì ń kó owó lọ lọ́wọ́ àwọn tó fi òógùn ojú wọn wá a.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìlú Turku ní ilẹ̀ Finland ni wọ́n ti kan Icon of the Seas fún iléeṣẹ́ Royal Caribbean. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ló gbéra ní Miami fún ìrìn àjò àkọ́kọ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 365, ó ní àjà 20 àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ 7. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni, n kò sì ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹni tó bá ní ọmọ mẹ́ta tí ara wọn ń yá gágá, kó kó wọn lọ síbẹ̀, wọ́n á gbádùn rẹ̀ dọ́ba. Ṣùgbọ́n ìgbádùn tọmọ-tìyá ni wọ́n kàn án fún. Àwọn tó ni ín gan-an mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn oníbàárà wọn tó ń náwó jù lọ sí.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ní ọdún 2018, Royal Caribbean ra ìdá méjì nínú mẹ́ta iléeṣẹ́ Silversea, wọ́n sì ra èyí tó kù ní 2020. Silversea ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ọlá. Silver Nova, tí Silversea gbé jáde ní 2023, kò gbà ju èèyàn 728 lọ. Àwọn tó lè kan ọkọ̀ tó tóbi jù lágbàáyé, wọ́n kan kékeré fún ọlọ́lá! Àwọn yòókù náà ò yàtọ̀. Carnival Corporation ló ni Carnival tí èrò ń wọ́ tẹ̀ lé, òun náà ló ni Seabourn, tí Seabourn Ovation rẹ̀ ń gbé èèyàn 600. Ní 2014, Norwegian Cruise Line Holdings ra iléeṣẹ́ tó ni Regent, èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ Seven Seas Explorer ń gbé nǹkan bí 750. Iléeṣẹ́ mẹ́ta tó wà lára àwọn tó tóbi jù nínú òwò yìí ló ṣe ohun kan náà. Ṣé àwọn ni kò mọ ohun tí ọlá jẹ́ ni, àbí àwa?

Ẹ mú bírò, ká ṣe ìṣirò. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n fi ń sọ bí inú ọkọ̀ ṣe gbòòrò tó, gross tonnage ni wọ́n ń pè é. Àyè inú ọkọ̀ ló ń wọ̀n, kì í ṣe bó ṣe wúwo tó. Ẹ pín in fún iye èrò. Ti Icon of the Seas jẹ́ 248,663. Bí èèyàn méjì bá wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, èrò á jẹ́ 5,610, èyí tó kan ẹnì kan á sì jẹ́ 44. Bí gbogbo ibùsùn bá kún, èrò lè tó 7,600, á wá já wálẹ̀ sí nǹkan bí 33. Ti Silver Nova jẹ́ 54,700. Ẹ pín in fún 728, ẹ ó rí 75. Ti Seabourn Ovation, 40,350 fún èèyàn 600, á fún yín ní 67. Àwọn ọkọ̀ tó kéré yìí ló fún yín láyè jù. Àyè yẹn ni ẹ ó rí nínú yàrá, lẹ́bàá omi ìlúwẹ̀ẹ́, nílé oúnjẹ, lẹ́nu lífìtì.

Ti òṣìṣẹ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Icon ní nǹkan bí 2,350 òṣìṣẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan á máa tọ́jú ju èèyàn méjì lọ, á sì ju mẹ́ta lọ nígbà tí ọkọ̀ bá kún. Silver Nova ní ju 500 lọ fún 728. Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi ìnáwó tí wọ́n pe ẹgbẹ̀rún èèyàn sí mọ ohun tí mò ń sọ: oúnjẹ wà nínú ìkòkò, ọwọ́ tí yóò gbé e dé iwájú yín ni kò kárí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, kó lọ wo Crystal Serenity. Iléeṣẹ́ Crystal dẹnu kọlẹ̀ ní 2022 nígbà tí Genting Hong Kong tó ni ín wó. Àwọn tó rà á lẹ́yìn náà, A&K Travel Group, tún ọkọ̀ náà ṣe, ó sì padà sójú omi ní 2023. Kí ni wọ́n ṣe kó lè gbayì sí i? Wọ́n so yàrá pọ̀ mọ́ yàrá, wọ́n sì dín èrò kù láti nǹkan bí 980 sí 740. Ọkọ̀ ò fi ìka kan tóbi sí i.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ ńlá náà ní àgbègbè ọlọ́lá tirẹ̀. Òótọ́ ni. Norwegian ní The Haven, MSC ní Yacht Club, Queen Mary 2 sì ní Queens Grill. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ dáadáa: ilẹ̀kùn tí yóò yà yín nípa kúrò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ni. Bí títóbi bá jẹ́ ọlá, kí ló dé tí ẹ tún ń sanwó láti sá fún un?

Owó ńkọ́? Owó ọkọ̀ kékeré máa ń dẹ́rù bani lójú kìíní, n kò ní purọ́. Àmọ́ iye tí ọkọ̀ ńlá kọ sójú pátákó kọ́ ni iye tí ẹ ó san tán. Owó ọtí wà lọ́tọ̀, owó íńtánẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀, owó àwọn ilé oúnjẹ pàtàkì wà lọ́tọ̀, owó ọpẹ́ fún òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀, lórí orí kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́. Regent ti ka ọtí, owó ọpẹ́ àti ọ̀pọ̀ ìrìn àjò orí ilẹ̀ mọ́ owó tí wọ́n dá lé yín. Ẹ ro méjèèjì pọ̀ délẹ̀ kí ẹ tó sọ pé èwo ló wọ́n.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn òbí wa. Ìyá tí orúnkún ń dà láàmú, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ, ẹ ní ẹ fẹ́ kó sinmi. Á rìn títí kó tó dé ìdí oúnjẹ, á dúró de lífìtì, á tún tò lórí ìlà nígbà tí wọ́n bá dé èbúté. Àwọn èbúté tó wù wá láti rí pàápàá, ọkọ̀ ńlá ò lè dé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjọba Ítálì ò gba ọkọ̀ tí gross tonnage rẹ̀ bá ju 25,000 lọ láyè kó kọjá níwájú gbàgede St Mark ní Venice. Ọkọ̀ bíi Silver Cloud, tó ń gbé èèyàn 254, ni wọ́n ń ṣí Tower Bridge fún kó wọ àárín Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè dúró létí odò Thames kó wò ó.

N kò sọ pé gbogbo kékeré ló pé o. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, àwọn olùyẹ̀wò ìmọ́tótó CDC ti Amẹ́ríkà wọ Silver Shadow, ọkọ̀ Silversea kan, ní Skagway ní Alaska, wọ́n bá oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́ sínú yàrá òṣìṣẹ́, wọ́n sì fún un ní 82 nínú 100. Ọkọ̀ tó bá gba 85 tàbí tó rẹlẹ̀ sí i ti fìdí rẹmi. Àbájáde àyẹ̀wò CDC wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà, ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Ẹ bi ejẹ́ńtì yín ní iye èrò, iye òṣìṣẹ́, àti gbogbo ohun tí owó náà kó mọ́ra. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má san àsansílẹ̀ kankan. Ẹ̀yin tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹ tún bi í ní gbogbo orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ máa yà sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ọkọ̀ tó kúrò ní Barcelona, tó ya Tangier, tó wá lọ sí Lisbon, ti jáde kúrò ní agbègbè Schengen, níbi tí físà kan náà ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ó sì fẹ́ tún wọ̀ ọ́. Físà tó ń gbani wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò ní gbé yín dé Lisbon.