Igi Ńlá Lórí Yìnyín: Ohun Tí Orúkọ Iginla Kọ́ Mi

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, èyí tí àwọn ará Kánádà ti ń pè fún bí ọgbọ̀n ọdún, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ náà ni Iginla. Ẹni tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Jarome Iginla, ògbóǹtarìgì eléré họ́kì orí yìnyín.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé, "Kí ni ti Yorùbá nínú eré orí yìnyín?" Ìbéèrè náà tọ́, nítorí omi kì í dì lójúde wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà. Ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá yìnyín, ọ̀kan nínú wọn sì ni aṣọ́lé. Bàtà tí irin mímú wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan sínú àwọ̀n. Àwọn mẹ́ta ní í gba iwájú: ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún ni Jarome ń gbà. Ó lágbára, kì í sá fún ìkọlù, ó sì mọ góòlù í gbá.

Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1977 ni a bí i ní Edmonton, ní ìpínlẹ̀ Alberta. Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ará Amẹ́ríkà sì ni ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn òbí ìyá rẹ̀ ni ó dàgbà sí. Ní 1995, ikọ̀ Dallas Stars yàn án sí ipò 11 nínú àwọn ọ̀dọ́ eléré. Kí ó tó gbá eré kan ṣoṣo fún wọn, wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n sì gba Joe Nieuwendyk, tí ó ti jẹ́ balógun ikọ̀ Calgary Flames rí. Ọ̀dọ́mọdé tí wọ́n fi rọ́pò àgbà yìí ni ó wá di òpó ilé. Ní sáà 2001 sí 2002, góòlù 52 ni ó gbá wọlé, kò sì sí ẹni tí ó gbá tó o ní gbogbo líìgì náà. Ní oṣù Kejì 2002, ó gbá góòlù méjì nínú ìdíje àṣekágbá Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Salt Lake City, ó sì di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà níbẹ̀. Ní Vancouver ní 2010, òun ni ó ta rọ́bà náà sí Sidney Crosby tí ó fi gbá góòlù tí Kánádà fi borí Amẹ́ríkà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò gba Ife Stanley rí. Ní 2004, òun ni balógun nígbà tí Calgary dé àṣekágbá, Tampa Bay sì fi góòlù 2 sí 1 borí wọn nínú eré keje, eré tí ó kẹ́yìn. Ó fi Calgary sílẹ̀ ní 2013, ó gbá eré fún Pittsburgh, Boston, Colorado àti Los Angeles, ife náà kò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní 2018, eré 1,554 ni ó ti gbá, góòlù rẹ̀ sì jẹ́ 625.

Èrò mi nìyí. Àṣà kan wà lọ́wọ́ wa tí n kò fẹ́ràn: bí ọmọ kan bá ti gbayì lókèèrè, gbogbo wa a sáré jáde pé ọmọ wa ni. Nínú ọ̀rọ̀ Jarome, kí ni a ṣe? A kò ra bàtà onírin fún un, a kò sì gbé e lọ sí pápá nínú òtútù. Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ àti àwọn olùkọ́ eré ní Alberta ni wọ́n ṣe é. Igi kan kì í dá igbó ṣe, igbó tí igi yìí sì ti hù kì í ṣe tiwa nìkan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó jẹ́ tiwa, òun náà ni orúkọ. Adékúnlé ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó dé Kánádà, ó yí i padà sí Elvis. N kò dá a lẹ́bi. Àlejò tí ó dé ìlú onílùú mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé nígbà tí ó bí ọmọ, Adekunle tún fara hàn láàrin àwọn orúkọ tí a sọ ọmọ náà. Orúkọ tí bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí ara rẹ̀, ó gbé e ka orí ọmọ.

Àwọn òbí kan lókèèrè a máa gé orúkọ ọmọ wọn kúrú, wọn a ní àwọn òyìnbó kò lè pè é. Mo ní irọ́ ni. Ẹ wo Nieuwendyk tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé orúkọ yẹn rọrùn láti pè ni? Àwọn ará Calgary kọ́ ọ, wọ́n sì ń pè é. Wọ́n kọ́ Iginla náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń tẹ ẹnu mọ́ "gin" jù. Ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún, a ó kọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni kí a sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọmọ, kí a sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ọmọ náà lè mọ̀ pé igi ńlá ni òun ń jẹ́, pé kì í ṣe ariwo lásán.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2019, wọ́n gbé nọ́ńbà 12 rẹ̀ rọ̀ sí òkè àjà pápá Calgary. Ní 2020, wọ́n yàn án sínú Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí Họ́kì. Ní 2024, ikọ̀ Utah yan ọmọ rẹ̀, Tij, sí ipò kẹfà. Ó ta bàbá rẹ̀ yọ. Ìran kẹta nìyẹn tí orúkọ náà ń tẹ̀ síwájú nílẹ̀ yìnyín. Ife lè má dé ọwọ́ ènìyàn títí eré yóò fi tán. Orúkọ tí a kò gé kúrú a máa dé ọwọ́ ọmọ-ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gé e. Ire o.