A Dáwó, Ọmọ Dé: Lẹ́yìn Náà Ńkọ́?

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn l'étí, ṣùgbọ́n èmi akọ̀wé yín náà wà nínú àwọn tó ń bá wí.

Ẹ rántí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ọlọ́pàá mú ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yọ ọ̀bẹ sí ọlọ́kadà, wọ́n gba owó rẹ̀. A dáwó, mo kọ iye tí kálukú dá sínú ìwé. Ọmọ lo oṣù mẹ́fà l'áhàámọ́ àwọn ọmọdé, ó dé, a se ìrẹsì, a jó. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n tún mú un.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: ìyá ń gbé Àkúrẹ́, bàbá ń gbé Oǹdó pẹ̀lú ìyàwó kékeré. Bí ọmọ bá fẹ́ sùn síta, á ní, "Màámi, mo ń lọ kí bàbá mi." Bàbá ní tirẹ̀ á rò pé ọ̀dọ̀ ìyá ló wà. Àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ ò gbélé ìyá, kò gbélé bàbá, àárín àwọn ọlọ́bẹ ló wà. Ní gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn ilé méjèèjì. Bó ṣe fi ilé sílẹ̀ náà ló padà bá a.

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́fíà ló là mí l'óye. Ó ní Scott Henggeler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Multisystemic Therapy. Ilé ọmọ ni òṣìṣẹ́ ń lọ, bó jẹ́ alẹ́ o, bó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ o, fún bí oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Ìdílé bíi mẹ́rin sí mẹ́fà péré ni ẹnì kan ń mójú tó. Òbí gan-an ló ń ràn l'ọ́wọ́: kí ìyá àti bàbá sọ ohùn kan, kí wọ́n mọ ọ̀rẹ́ ọmọ, kí wọ́n mọ tíṣà rẹ̀. Ní Missouri, wọ́n kó ọmọ 176 tó ti rúfin gidi, wọ́n pín wọn sọ́nà méjì. Èsì tó jáde ní 1995 ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n tọ́jú pẹ̀lú ẹbí, 26 ni wọ́n tún mú. Nínú àwọn tí wọ́n kàn dá ọmọ nìkan jókòó bá sọ̀rọ̀, 71 ni.

Mi ò ní tan yín o. Wọ́n dán an wò l'England pẹ̀lú ìdílé 684. Èsì tó jáde ní 2018 ni pé kò sàn ju ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwa ńkọ́, ta ló ń wá sílé wa?

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Kóòtù lè fi ọmọ sábẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́, ó sì lè ní kí òbí tọwọ́ bọ̀wé pé òun á mójú tó o. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè fún un, ká má kàn máa sunkún l'ẹ́nu ọ̀nà kóòtù.

Ẹlòmíì á ní, "Ta ni yóò bá mi ṣọ́ ìsọ̀?" Òótọ́ ni. Ojú náà ń tì wá, a kì í fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, nínú owó tí a bá dá, ká yọ owó ọkọ̀ Oǹdó sọ́tọ̀. Kí ìyá méjì máa bá òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lọ sílé méjèèjì l'ọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún oṣù mẹ́rin. Kí ìyá àti bàbá máa pe ara wọn l'álaalẹ́, ìjà ìyàwó kékeré á dúró ná. Kí a bá ọmọ wá ọ̀gá tó máa kọ́ ọ n'íṣẹ́ ọwọ́.

Mo ti fa ilà tuntun sínú ìwé ẹgbẹ́, l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà owó. Ohun tí mo kọ sókè rẹ̀ ni "Ta ló lọ sílé wọn?" Kò tíì sí orúkọ kankan níbẹ̀. N óò gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.