Oṣù Lé Tàbí Kò Lé: Àìmọ̀ Ni Ó Ń Pín Wa Níyà

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Agọ́-Ìwòyè àti ní gbogbo àgbègbè Ògùn Waterside, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ fún ara wa láìfi bọpo bọyọ̀. Bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá ti pé ọjọ́ 29, ohun tí a máa ń gbọ́ láàárín wa kì í ṣe ohùn ẹni tí ó jáde lọ wo ojú sánmà, bí kò ṣe ohùn fóònù. Lágbájá ti pè láti Mẹ́kà. Tàmẹ̀dò ní àwọn ará Sókótó ti rí i. Làkáṣègbè ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé kan náà ti di méjì: bàbá ń múra àti lọ sí Yídì, ọmọ ń jẹ sààrì, ìyàwó ń lọ ata ọdún, ọkọ ń sọ pé ẹni tí ó bá jẹun ti dẹ́ṣẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni èébú yóò dé, tí Mùsùlùmí yóò máa pe Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní aláìgbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nínú gbogbo àwa tí à ń jà yìí, èló ni ó ti dúró rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29, tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn? Èló ni ó mọ ibi tí oṣù tuntun ti máa ń yọ, tàbí iye ìgbà tí ó lè lò kí ó tó wọ̀? Ìjà tí a kò mọ ìdí rẹ̀ ni à ń jà.

Òṣùpá kò ní ìmọ́lẹ̀ ti ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń hàn lára rẹ̀. Láti ìgbà tí ó bá bọ́ sí àárín ayé àti oòrùn, títí di ìgbà tí yóò tún padà bọ́ síbẹ̀, jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44. Ìdí nìyí tí oṣù wa fi ń jẹ́ 29 nígbà kan, tí ó sì ń jẹ́ 30 nígbà mìíràn. Ní àkókò tí òṣùpá bá pàdé oòrùn báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ tí a kì í rí ni ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí. Lẹ́yìn ìpàdé náà, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jìnnà sí oòrùn, nǹkan bí ìdajì dígírì kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún pé bí kò bá tíì fi nǹkan bí dígírì 7 jìnnà sí oòrùn, ojú lásán kò lè rí i. Kò sì sí ẹ̀rí kan tí wọ́n gbà pé ẹnikẹ́ni fi ojú lásán rí oṣù tí kò tíì pé wákàtí 15 lẹ́yìn ìpàdé.

Èyí kì í ṣe iṣẹ́ awo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe yanrìn títẹ̀. Ìṣirò ni, irú èyí tí a fi ṣe ìwé àkókò ìrun tí a lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́sáláṣí wa. Ta ni nínú wa tí ó ṣì ń jáde lọ wọn òjìji igi kí ó tó kí ìrun Àílà? Bí a bá gba ìṣirò oòrùn gbọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, kí ni ó dé tí ìṣirò òṣùpá fi di èèwọ̀?

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ní ọjọ́ Àtìní, ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2024, ààwẹ̀ wa pé 29. Ní ọjọ́ náà gan-an ni òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ lójú àwọn ará Mẹ́síkò, Amẹ́ríkà àti Kánádà. Kí ni èyí bí kò ṣe ìpàdé oòrùn àti òṣùpá tí gbogbo ayé fojú rí? Aago 7:21 alẹ́, ní ìṣirò aago Nàìjíríà, ni ìpàdé náà wáyé. Oòrùn sì ti wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí aago méje tó lù. Èyí ni pé oṣù tuntun kò tíì sí rárá nígbà tí à ń wá a kiri. Àwọn aláṣẹ ní Saudi Arabia àti Sultan ti Sókótó kéde ọjọ́ Àlàrùbá, ọjọ́ 10, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ọdún, ọ̀rọ̀ wọn sì bá ìṣirò mu. Síbẹ̀, àwọn kan kírun ọdún ní ọjọ́ Àtàláátà ní Òkè Ọya, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé oṣù ti lé. Ẹni tí ó bá ní ìmọ̀ díẹ̀ ì bá ti mọ̀ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Àìmọ̀ yìí a máa di iná. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2001, òjìji ayé bo òṣùpá. Ní Màídúgùrì, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan jáde, wọ́n dáná sun òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń dá níbẹ̀ ni ó mú òṣùpá ṣókùnkùn. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ yìí! Nígbà tí Ibrahim ọmọ Ànábì kú, tí oòrùn sì ṣókùnkùn lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn rò pé nítorí ikú ọmọ náà ni. Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀ fún wọn. Ó kọ́ wọn pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Ìrun ni kí a kí. Bí ó bá ti kọ irú èrò bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ bíbí inú rẹ̀, ta ni ó fún ọ̀dọ́ kan láṣẹ láti fi dáná sun ilé? Nígbà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni ìṣirò ti sọ wákàtí rẹ̀. Mọ́sáláṣí mélòó nínú tiwa ni ó ti múra ìrun náà sílẹ̀?

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé ìmọ̀ òṣùpá jẹ́ ti àwọn òyìnbó. Irọ́ ni. Nígbà tí Riccioli, àlùfáà kan ní Ítálì, ń fún àwọn kòtò orí òṣùpá lórúkọ ní ọdún 1651, ó fi orúkọ àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí sọ díẹ̀ nínú wọn: Albategnius ni al-Battani, Azophi ni al-Sufi, Alfraganus ni al-Farghani. Orúkọ àwọn baba wa nínú ìmọ̀ wà lórí òṣùpá, àwa ọmọ wọn sì ń bá ara wa jà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní irọ́ ni pé ènìyàn dé orí òṣùpá rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n dé ibẹ̀ ní ọdún 1969 fi dígí sílẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti ilẹ̀ ayé, tí ó sì ń padà wá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì ààbọ̀. Nípa rẹ̀ ni a fi mọ̀ pé òṣùpá ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3.8 jìnnà sí wa lọ́dọọdún. Íńdíà sọ ọkọ̀ kalẹ̀ nítòsí ìpẹ̀kun gúúsù òṣùpá ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ṣáínà bu erùpẹ̀ tí ó lé díẹ̀ ní gíráàmù 1,900 wálé láti ẹ̀yìn òṣùpá, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti bù ú rí. Nàìjíríà pàápàá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Artemis lórí ọ̀rọ̀ òṣùpá ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2022. Ẹni tí ó sì fọwọ́ sí i fún wa ni Isa Ali Pantami, mínísítà ìgbà náà, tí í ṣe ààfáà oníwàásù. Ṣé ẹ ó pe òun náà ní kèfèrí?

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní Ànábì sọ pé ìjọ tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tí kò mọ ìṣirò, ni àwa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ipò tí àwọn ènìyàn wà nígbà náà ni ó ń sọ, kò pàṣẹ pé kí a máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ ni, kí ni ó dé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé kíkọ? A kò sọ pé kí a pa wíwo oṣù tì, nítorí pé sunna ni. Ohun tí a ń wí ni pé kí ìṣirò jẹ́ òṣùwọ̀n ẹ̀rí: bí ẹnì kan bá ní òun rí oṣù ní alẹ́ tí kò lè sí, kí a má ṣe gba ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láti ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ òṣùpá, tí àjọ NASA wà lára wọn, ti ń pe gbogbo ayé síta ní alẹ́ kan lọ́dọọdún láti wo òṣùpá pọ̀. Alẹ́ kan lọ́dún ni tiwọn. Alẹ́ méjìlá lọ́dún ni ẹ̀sìn wa fún wa, a kò sì jáde!

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan mẹ́rin. Èkínní: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti Ràmàdáánì nìkan, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jáde. Kí àwọn ará Ìwopin àti agbègbè rẹ̀ lo etí ọ̀sà, níbi tí igi kò ti dí ojú sánmà. Kí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tí igbó yí ká, wá orí òkè. Èkejì: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Yunifásítì Olábísí Ọ̀nàbánjọ ní Agọ́-Ìwòyè tí ń kọ́ físíìsì bá àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn jókòó, kí wọ́n ṣe ìṣirò oṣù kọ̀ọ̀kan ṣáájú. Ẹ̀kẹta: kí a kọ ohun tí a rí sílẹ̀, àti aago rẹ̀, bí a kò bá rí nǹkan kan, kí a kọ ìyẹn náà. Ẹ̀kẹrin: nígbà tí àwọn aṣáájú bá ti kéde, kí a má ṣe bú bàbá àti ìyá wa nítorí ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rí, kí ó gbé e lọ síwájú wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹni tí kò mọ̀, tí kò sì béèrè, ni òkùnkùn ń bò mọ́lẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní kẹ́ wa, kí Ó sì so ọkàn wa pọ̀. Àmín.