Iṣan tí Kò Dákẹ́

Obìnrin kan lè máa ru omi láti ìgbà èwe, kí ó wá di ọjọ́ kan kí ó má lè gbé ọwọ́ sókè di irun orí rẹ̀. Bí ó bá jókòó sórí àpótí, ọwọ́ ni yóò fi ti itan kí ó tó dìde. Ilé a pè é ní ọ̀lẹ, àdúgbò a ní ayé ló ń ṣe é. Nígbà mìíràn, iṣan rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn: àwọn ọmọ ogun ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn, ni wọ́n yíjú padà sí iṣan itan àti ti èjìká, tí ìwọ̀nyí sì ń wú nínú. (Kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni a ń pè ní iṣan níhìn-ín o, ẹran ara tí ń mú egungun rìn ni.) Polymyosite ni orúkọ irú kan, dermatomyosite ni èyí tí ó ń mú awọ ara pẹ̀lú.

Láti ọdún 1975, tí Bohan àti Peter ti to àmì àìsàn wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ, ni électromyogramme, EMG, ti wà lára ohun tí a fi ń wádìí wọn. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n ń fi sínú iṣan. Kò sí oògùn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ etí ni ó ń ṣe. Iná kékeré tí iṣan fúnra rẹ̀ ń mú jáde ni ó ń gbà, tí ẹ̀rọ sì ń sọ di ìlà àti ohùn. Iṣan tí ó yá, bí ó bá ti sinmi, a dákẹ́ rọ́rọ́. Èyí tí àrùn ń jà kì í dákẹ́: a máa ta wẹ́wẹ́ bí òjò tí ń kán sórí páànù. Bí aláìsàn bá sì ká apá díẹ̀, àmì tí yóò jáde a kúrú, a kéré, a sì rí págunpàgun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Corticoïde ni wọ́n sábà fi ń wo àrùn náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, agbára tí ó ti padà lè tún lọ. Ó lè jẹ́ pé àrùn ni ó jí. Ó sì lè jẹ́ oògùn gan-an, nítorí corticoïde tí ó bá pẹ́ lára a máa sọ iṣan di ahẹrẹpẹ. Èkíní ń fẹ́ kí a fi kún ìtọ́jú, èkejì kí a dín oògùn kù. Iṣan tí oògùn ba jẹ́ sábà máa ń dákẹ́ nígbà ìsinmi, abẹ́rẹ́ sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Nítorí náà a bẹ̀ yín: ẹ má ṣe dá fi kún corticoïde, ẹ má sì dá a dúró lójijì.

EMG kì í dá ẹjọ́ nìkan. Àwọn àrùn iṣan kan tí a ń bí mọ́ni a máa fi irú àmì yìí hàn. Wọ́n á yẹ CPK wò nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lè gé ẹran díẹ̀ wò, ní apá kejì, nítorí abẹ́rẹ́ a máa da ibi tí ó gbà kọjá rú.

Ó ń dunni díẹ̀, a kò ní purọ́. Ẹ má ṣe fi òrí pa ara lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó wí fún dókítà kí abẹ́rẹ́ tó wọlé.