Àjèjì Lójú, Kò Fi Ríran

Àwọn àgbà ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá fi etí lásán gbọ́ òwe yìí lè rò pé wọ́n ń bú àlejò ni. Ojú àlejò kò fọ́. Ó tilẹ̀ lè mú ju ti onílé lọ, nítorí ohun gbogbo ló ṣàjèjì sí i, kò sì sí ohun tí kì í wò. Ìmọ̀ ilẹ̀ ni kò ní. Ó rí ẹsẹ̀ ọ̀nà méjì, kò mọ èyí tó lọ sódò nínú wọn, kò sì mọ èyí tó já sí igbó orò.

Dei-Dei l'Ábújá yẹ ní ibi tí a ó ti tú òwe yìí, nítorí ilẹ̀ àlejò ni. Gbàgyí ló nilẹ̀. Àwa Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti àwọn mìíràn, ọjà ló kó wa débẹ̀: ọjà pákó, ọjà ohun èlò ìkọ́lé, ọjà màlúù. Bí ènìyàn bá gba ibẹ̀ kọjá Zuba, tó forí lé Madalla, àpáta Zuma á yọ sí i gàgàrà, ó ga tó nǹkan bíi mítà 300 sí ilẹ̀ tó yí i ká. Òun ló wà lẹ́yìn owó 100 náírà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, èyí tí Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀. Àwọn tó ń wo àpáta yìí láti ojú títì máa ń rí ojú ènìyàn lára rẹ̀: ẹyinjú, imú, ẹnu. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Òjò àti oòrùn ló fi ọdún gbọọrọ ya ìlà sára òkúta, ọpọlọ wa ló sì sọ ìlà náà di ojú, nítorí ojú ọmọnìkejì wà lára ohun tí ọpọlọ ń yára wá kiri jù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní 1976: nígbà tí ẹ̀rọ Viking 1 tí Amẹ́ríkà rán lọ sí òfuurufú ya fọ́tò ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì Mars, ojú ènìyàn ni ọ̀pọ̀ rí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ríran jù bẹ́ẹ̀ lọ padà yà á ní 1998 àti 2001, òkè lásán ni wọ́n bá.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Zuma tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Awakọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ náà ń rí ojú yẹn o. Ìmọ̀ kì í pa ẹ̀tàn ojú rẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé òun kì í tẹ bíréèkì nítorí rẹ̀.

Ẹ̀tàn ojú yìí ni àwọn tó ń ṣe géèmù fi ń jẹun. Nínú Super Mario Bros. tó jáde ní 1985, ìkùukùu ojú ọ̀run àti igbó ìsàlẹ̀, àwòrán kan náà ni. Wọ́n kun ọ̀kan ní funfun, wọ́n kun èkejì ní àwọ̀ ewé. Gbogbo géèmù náà kò ju kílóbáìtì 40 lọ, wọn kò láyè tí wọn ó fi ya nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1999, àwọn tó ṣe Silent Hill, géèmù adẹ́rùbani, fún PlayStation rí i pé agbára ẹ̀rọ náà kò ká a láti ya ìlú dé ọ̀nà jíjìn. Wọ́n da kùrukùru bo gbogbo rẹ̀. Kùrukùru yẹn gan-an ló wá di ohun tí ayé fi mọ géèmù náà: ohun tí wọn kò lè yà, ìbẹ̀rù ẹni tó ń fi géèmù náà ṣeré ló bá wọn yà á.

Ẹ tún wo ilé géèmù, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Nínú àwọn géèmù bọ́ọ̀lù àtijọ́, púpọ̀ nínú òǹwòran tó kún pápá, àwòrán pẹlẹbẹ bíi páálí ni. Bí eré bá ń sáré, ojú kò lè mú un. Àfi kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n ya sikiríìnṣọ́ọ̀tù: ìgbà náà ni wàá rí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kan tó wọ ikùn ẹlòmíràn láìsí ẹ̀jẹ̀, àti bọ́ọ̀lù tó dúró sójú afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa bá eré wọn lọ.

Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá jáde síta. Ní September 2011, ITV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ní Ìlú Ọba, gbé ètò kan jáde lórí bí Gaddafi ti Libya ṣe kó ohun ìjà fún IRA, ẹgbẹ́ ajìjàgbara ilẹ̀ Ireland. Wọ́n fi fídíò kan hàn nínú rẹ̀, wọ́n ní IRA ló ń yìnbọn lu hẹlikọ́pítà lọ́dún 1988. Arma 2 ni, géèmù ogun tó jáde ní 2009! Ó gba ọwọ́ akọ̀ròyìn àti olóòtú kọjá. Àwọn tó ń fi géèmù ṣeré ló dá a mọ̀. Ofcom, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, dá ITV lẹ́bi ní 2012. Ní November 2017 ẹ̀wẹ̀, Iléeṣẹ́ Ààbò Rọ́ṣíà gbé àwọn fọ́tò síta, wọ́n ní ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn ni pé Amẹ́ríkà ń gbè lẹ́yìn ISIS. Ọ̀kan nínú wọn wá láti inú géèmù orí fóònù. Òṣìṣẹ́ kan ni wọ́n padà di ẹ̀bi rẹ̀ rù, bí àwọn ọ̀gá ti máa ń ṣe.

Nígbà tí ogun Ukraine dé, fídíò Arma 3, géèmù tó tẹ̀lé Arma 2, gbòde bí ẹni pé ojú ogun gan-an ni wọ́n ti yà á. Ní November 2022, Bohemia Interactive, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Czech tó ṣe géèmù náà, fúnra rẹ̀ jáde wá kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe lè dá a mọ̀. Wọ́n ní kí a fura sí fídíò tí kò mọ́, tó ń gbọ̀n, tó jẹ́ pé òru ni, tí kò ní ohùn, tí a kò sì rí ènìyàn tó ń rìn nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ lè ya ọkọ̀ ogun dáadáa, ṣùgbọ́n ìrìn ènìyàn ṣì nira fún un. Òkùnkùn fídíò wọ̀nyí àti kùrukùru Silent Hill, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí ogun Gaza bẹ́ sílẹ̀ ní October 2023, fídíò Arma 3 tún padà sórí fóònù wa.

Ní Dei-Dei, ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 18 May 2022, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oníṣòwò ọjà náà. Ẹ̀mí sọnù, ìjọba sì ti ọjà pa. Níbi tí ẹ̀yà púpọ̀ ti ń gbé, tí ẹ̀yà kan jẹ́ àjèjì sí èkejì, àwòrán irọ́ kan ṣoṣo ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó láti da epo sí iná.

Ta wá ni àjèjì? Alàgbà tó ti ń ta pákó ní Dei-Dei láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ọjà náà délẹ̀. Bí wọ́n bá fi fọ́tò ọjà mìíràn hàn án pé Dei-Dei ló ń jó, òrùlé àti pátákó ẹnu ìsọ̀ á sọ òótọ́ fún un. Ṣùgbọ́n fi fídíò ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù lóru hàn án, ó di àlejò. Ọmọ rẹ̀ tí ó ń bá wí nítorí géèmù ni onílé níbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí fídíò ogun bá wọlé sórí WhatsApp yín lóru, tó ṣókùnkùn, tí kò ní ohùn, tí ẹnì kankan kò sì rìn kọjá níbẹ̀, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín kó bá yín wò ó.