Ẹ Tú Ẹ́ńjìnnì Kó Tó Túká

 

Ní Kàdúná tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bí ẹnìkan bá fẹ́ ta mọ́tò, ohun tí yóò fi máa fọ́nnu ni pé, "Wọn ò tíì tú ẹ́ńjìnnì yìí rí." Fún mọ́tò tó ń gbé ni lọ sọ́jà, ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n nínú eré ìje ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní drag racing, èébú ni. Èrò tèmi ni pé ẹ́ńjìnnì tí a kì í tú kò lè pẹ́ nínú eré yẹn, bó ti wù kí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ nípọn tó.

Ẹ wo ọkọ̀ Top Fuel. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju nǹkan bíi lítà 8.2 lọ, síbẹ̀ agbára rẹ̀ ju ti ẹṣin 11,000 lọ. Ó ń sá ẹsẹ̀ bàtà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré. Búlọ́ọ̀kù mọ́tò ilé kò lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀: ògiri sílíńdà á sán, ibi tí kráǹkì jókòó sí á yẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n gbẹ́ búlọ́ọ̀kù láti ara odindi alumíníọ̀mù. Wọn kò la ọ̀nà omi sí i rárá, kó lè le gbagidi. Eré náà kò pẹ́, epo púpọ̀ tó ń wọlé ló sì ń mú ooru rọlẹ̀. Wọ́n ki sílíífù irin tó ṣeé pààrọ̀ bọ inú sílíńdà. Àwọn tí owó wọn kò tó bẹ́ẹ̀ a máa da àpòpọ̀ bíi sìmẹ́ńtì sí ọ̀nà omi búlọ́ọ̀kù irin.

Síbẹ̀, lẹ́yìn ìsáré kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tú u, wọ́n á yẹ písítínì, bẹ́ríǹ àti sílíífù wò. Àwọn kan ń pe èyí ní ìfowóṣòfò. Irọ́ ni! Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Funny Car tí Scott Kalitta ń wà bú gbàmù ní Englishtown, New Jersey. Ọkọ̀ náà kò ṣeé dá dúró, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àjọ NHRA dín eré náà kù láti ẹsẹ̀ bàtà 1,320 sí 1,000. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tú déédéé nìyẹn o. Èyí tí wọn kì í tú wá ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lálàá ọkọ̀ ìje, ẹ má kọ́kọ́ sáré ra supercharger. Ẹ náwó sí búlọ́ọ̀kù ná, kí ẹ sì fi ìyókù pamọ́ fún títú àti títò. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ibi tó sán bíńtín lára búlọ́ọ̀kù náà kò yàtọ̀.