Kánàkò Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Tísà kan kọ̀wé láti Ìkejì-Arákejì pé ọkùnrin kan fẹ́ ta kánàkò fún òun. Ṣé ó lè jẹ́?

Ní ìlú yẹn kan náà, ní 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ títì, kí ó tó di oníwàásù. Ẹ̀rọ yẹn tẹ ọ̀nà pẹrẹsẹ. Kò ká a kúrú.

Ní 1994 ni Miguel Alcubierre, ọmọ Mẹ́síkò, fi ìṣirò hàn pé bí a bá lè fún àlàfo iwájú ọkọ̀ pọ̀, tí a sì na ti ẹ̀yìn, ọkọ̀ náà lè ṣáájú ìmọ́lẹ̀. Kánàkò gan-an! Ṣùgbọ́n èròjà rẹ̀ ni agbára tí ó kéré sí òfo, bíi gbèsè. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ gbèsè nínú ìwé. Ta ni ó rí i lórí àtẹ rí?

Ti àkókò ńkọ́? Ní 1971, Hafele àti Keating gbé aago atọ́míìkì wọ ọkọ̀ òfúrufú yí ayé ká. Síhà ìlà-oòrùn, aago náà falẹ̀ díẹ̀ ju ti ilé lọ; síhà ìwọ̀-oòrùn, ó yá díẹ̀. Ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì padà sí àná.

Tísà, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ kàn bi ọkùnrin náà pé mọ́tò wo ni ó wọ̀ dé Ìkejì.